WAEC ń lọ sórí kọ̀ǹpútà: ṣé dandan ni kí n ra tábúlẹ́ẹ̀tì fọ́mọ mi?

Láti ìgbà tí Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, ti kéde lọ́dún 2025 pé ìdánwò WAEC àti NECO ń kúrò lórí ìwé bọ́ sórí kọ̀ǹpútà, àwọn òbí ò yé pè mí. Àwọn mìíràn ti náwó sórí tábúlẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó béèrè. Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún yẹn, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojúṣòfin ní kí ìjọba sún un di ọdún 2030, ọ̀rọ̀ wá túbọ̀ lọ́jú pọ̀. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù nìyí.

Ṣé tábúlẹ́ẹ̀tì tí mo bá rà ni ọmọ mi máa fi ṣe WAEC?

Rárá o. Kọ̀ǹpútà tó wà ní ibùdó ìdánwò ni wọ́n ń lò. Fóònù lásán, wọn kì í jẹ́ kó wọ gbọ̀ngàn.

Kí ni ọmọ máa bá lójú kọ̀ǹpútà ọ̀hún gan-an?

Ẹ jẹ́ ká fi JAMB ṣe àpẹẹrẹ, torí láti 2015 ni UTME, ìdánwò tí JAMB ń ṣe fún ìwọlé sí yunifásítì, ti kúrò lórí ìwé pátápátá. Ìbéèrè 180 ni, fún wákàtí méjì: 60 fún Gẹ̀ẹ́sì, 40 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ẹ̀kọ́ mẹ́ta yòókù. Bí ẹ bá pín in, ìṣẹ́jú-àáyá 40 ló kan ìbéèrè kan. Ọmọ tí kò mọ máòsì lò lè fi bọ́tìnnì mẹ́jọ péré ṣe é dópin. A, B, C àti D ló fi ń mú ìdáhùn. N ló ń gbé e lọ sí ìbéèrè tó kàn, P ló ń dá a padà sí èyí tó ti kọjá. S ló fi ń fi iṣẹ́ sílẹ̀, R ló sì fi ń yí i padà bó bá ṣèèṣì tẹ S.

Ní ti WAEC, àwọn tó ṣe ìdánwò aládàáni lọ́dún 2024 ti tọ́ ọ wò. Wọ́n dáhùn ìbéèrè A-B-C-D lójú kọ̀ǹpútà. Ìbéèrè alálàyé náà hàn lójú kọ̀ǹpútà, àmọ́ orí ìwé ni wọ́n fi bírò kọ ìdáhùn sí.

Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí ọmọ tó ti ń fi ìka tẹ ojú tábúlẹ́ẹ̀tì láti oṣù mẹ́ta, tó wá dé ibùdó tó bá kíbọ́ọ̀dù àti máòsì, á kọ́kọ́ máa wá ibi tí N wà. Ìṣẹ́jú-àáyá 40 rẹ̀ ti ń lọ nìyẹn.

Kí wá ni ìwúlò tábúlẹ́ẹ̀tì?

Ìwé kíkà, ìbéèrè ọdún àtijọ́, fídíò ẹ̀kọ́. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ló kọ́kọ́ fi èyí han àwa nílẹ̀ Yorùbá nígbà tí ìjọba Rauf Aregbesola gbé tábúlẹ́ẹ̀tì tí wọ́n pè ní Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde lọ́dún 2013 fáwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíríámà àgbà. Ohun tó dára jù nínú rẹ̀ ni pé inú ẹ̀rọ náà ni àwọn ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè WAEC àtijọ́ wà. Ọmọ kò nílò dátà kó tó kàwé.

Ẹ̀yin náà lè ṣe irú rẹ̀ nílé. Áàpù kan wà tó ń jẹ́ Kiwix, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ fi í gba Wikipedia sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti pọ̀, ti Yorùbá náà wà níbẹ̀, ọmọ á sì máa kà á láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Fóònù kò ha tó?

Fún ìbéèrè ọdún àtijọ́, ó tó. Fún odidi ìwé ẹ̀kọ́ tó jẹ́ PDF, kò tó. Ojú á máa ro ọmọ.

Èwo wá ni kí n rà?

Ẹ wo nǹkan mẹ́ta: RAM (ibi tí ẹ̀rọ ti ń ṣe iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀) tí kò dín ní 4GB, ibi ìpamọ́ tí kò dín ní 64GB, àti ihò mẹ́mọ́rì káàdì. Samsung Galaxy Tab A9 ní gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ojú 8.7 íǹṣì, A9+ ní ojú 11 íǹṣì, òun ni mo sì fẹ́ràn jù fún ìwé kíkà. iPad dára, ó sì ń pẹ́, àmọ́ kò ní ihò mẹ́mọ́rì káàdì, owó rẹ̀ sì ga. Bí ẹ bá ní ẹbí ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà tó fẹ́ fi Amazon Fire ránṣẹ́, ẹ tètè sọ fún un pé Play Store kì í bá a wá. Áàpù tí ilé ìwé bá ní kẹ́ ẹ gbà lè má sí lórí rẹ̀.

Mo rí ọ̀kan tí wọ́n kọ "16GB, 1TB" sí lára, owó rẹ̀ ò sì tó nǹkan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á. Àwọn tó ń ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ máa ń tún inú rẹ̀ ṣe kó lè máa pe nọ́ńbà tí kò ní. Bí ẹ bá wọ "Settings", á pa irọ́ náà fún yín níbẹ̀. Ẹ gba áàpù DevCheck tàbí AIDA64 sórí rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, kẹ́ ẹ wo ohun tóun máa sọ. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí Play Store, ẹ tẹ àwòrán yín lókè, ẹ wọ "Settings", kẹ́ ẹ wá "About": ẹ̀rọ tó jẹ́ ojúlówó á kọ ọ́ síbẹ̀ pé Google fọwọ́ sí òun.

Ẹ tún kíyè sí "8GB+8GB". Ìdajì àkọ́kọ́ nìkan ni RAM gidi. Èkejì, wọ́n yá a láti ibi ìpamọ́ ni, kò sì lè yára bí RAM.

Tòkunbọ̀ ńkọ́?

Ibí yìí ló dùn mí jù, torí ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo ra iPad tòkunbọ̀ fún ọmọ àbúrò mi. Ó mọ́, bátìrì rẹ̀ dára. A lò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lọ́jọ́ tí mo nu inú rẹ̀ kí n lè tún un tò, ó gbé orúkọ ilé ìwé kan ní Amẹ́ríkà jáde, ó sì ní kí n tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà wọn. Ilé ìwé yẹn ló ṣì ń ṣàkóso rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Mi ò rí i lò mọ́ títí dòní, ẹni tó tà á fún mi kò sì gbà á padà.

Àwọn ilé ìwé òkè òkun máa ń fi orúkọ ẹ̀rọ wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ Apple tàbí Google. Bí ẹ bá nu ún nígbà ẹgbẹ̀rún, bó bá ti kan íntánẹ́ẹ̀tì báyìí, á padà sábẹ́ wọn. Nítorí náà, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, yálà ní Kọ̀ǹpútà Fílẹ́ẹ̀jì n'Íkẹjà tàbí ní Dùgbẹ̀, ẹ ní kí oníṣòwò nu ẹ̀rọ náà lójú yín, kẹ́ ẹ fi íntánẹ́ẹ̀tì fóònù yín sí i, kẹ́ ẹ sì tò ó títí yóò fi ṣí pátápátá. Bó bá béèrè ìméèlì tàbí ọ̀rọ̀ aṣínà ẹlòmíràn, ẹ gbé e sílẹ̀. Bí oníṣòwò bá ní kò sí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ máa lọ.

Ṣé péńsù rẹ̀ pọn dandan?

Fún ọmọ gíríámà, kò pọn dandan. Tab A9 kò tilẹ̀ gba S Pen, ìyẹn péńsù Samsung. Tab S6 Lite ni tirẹ̀ ń bá a wá nínú páálí. Ti Apple pín sí mẹ́rin, kì í sì í ṣe gbogbo iPad ni ọ̀kọ̀ọ̀kan bá mu, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó sanwó.

Iná kò dúró lọ́dọ̀ wa.

Páwà báńkì tí wọ́n kọ 20,000mAh sí, 3.7V ni wọ́n fi kà á, 5V ló sì ń tú jáde. Ẹ ṣírò rẹ̀, 14,800 ló kù, díẹ̀ á sì tún bá ooru lọ. Ó lè kún bátìrì A9+, tó jẹ́ 7,040mAh, bí ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ fi sábẹ́ ìrọ̀rí tó bá ń gba iná, bátìrì tó bá sì ti wú, ẹ má lò ó mọ́.

Ẹ̀rù ń bà mí pé géèmù ni yóò máa fi ṣe.

Ẹ̀rù yín tọ́. Lórí Android, ẹ lo Family Link ti Google: ẹ ó yan iye wákàtí tó lè lò lójúmọ́ àti àkókò tí ẹ̀rọ máa tì lálẹ́, áàpù tuntun kì yóò sì wọlé láìjẹ́ pé ẹ gbà. Lórí iPad, "Screen Time" ni. Ẹ ṣe é lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá gbé e wálé, kó tó di ìjà.

Ṣé kí n wá dúró di 2030?

Ẹ má dúró. Ohun yòówù kí wọ́n pinnu lórí WAEC, JAMB ti wà lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀pọ̀ ọmọ ló sì ń tibi WAEC bọ́ sí JAMB láàárín ọdún kan náà. Bówó bá wà fún nǹkan kan ṣoṣo lẹ́yìn tábúlẹ́ẹ̀tì, kíbọ́ọ̀dù ni kẹ́ ẹ rà, irú èyí tó ní wáyà. Kò nílò kẹ́ ẹ fi iná sí i bíi ti Bluetooth, ó sì jọ èyí tó wà ní ibùdó ìdánwò.

Bí ẹ kò bá sì lágbára tábúlẹ́ẹ̀tì rárá, ẹ wá kíbọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan àti wáyà OTG tó bá ihò fóònù yín mu. Ẹ so wọ́n pọ̀ mọ́ fóònù tó wà nílé, kẹ́ ẹ ṣí áàpù ìbéèrè JAMB tó ń gba kíbọ́ọ̀dù, kí ọmọ sì máa tẹ A, B, C, D, N àti P fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lálaalẹ́ títí ìka rẹ̀ yóò fi mọ ọ̀nà.