Swing: ọ̀rọ̀ kan, ìtumọ̀ púpọ̀

Swing ni ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ohun tó bá ń lọ tó ń bọ̀ láti ojú kan tí wọ́n so ó mọ́. Ibẹ̀ ló ti ya wọ inú orin, ijó, eré ìdárayá, ìbò àti kọ̀ǹpútà, débi pé ẹni tó bá fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè pé kí ló ń lọ, kí ló ń bọ̀. Ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), Kétu àti Ṣábẹ̀, lórílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, Faransé ni èdè ìjọba àti ti ilé ẹ̀kọ́, nítorí náà ọmọ ilé ìwé á ti mọ balançoire kó tó gbọ́ swing. Ṣùgbọ́n kó tó kan ilé ìwé rárá, á ti gbọ́ fì, mì, jù àti yí lẹ́nu ìyá rẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti di nǹkan mú ló sábà máa ń pinnu èyí tí Yorùbá máa lò nínú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Fìtílà tí wọ́n so rọ̀ sí àjà ń fì. Igi tí gbòǹgbò rẹ̀ wà nílẹ̀, tí afẹ́fẹ́ ń da orí rẹ̀ láàmú, ń mì. Ilẹ̀kùn tí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ kan mọ́ ara ìwakùn ń yí. Ajá ń ju ìrù, ẹni tó ń rìn sì ń ju apá. Ọkọ̀ ojú omi kò bá ìlànà yìí lọ, nítorí kò sí ohun tó so ó mọ́ òkè tàbí ilẹ̀, síbẹ̀ fífì ni wọ́n ń pe tirẹ̀ náà. Ní etí ọ̀sà Àjàṣẹ́, bí obìnrin tó ru agbada ẹja bá gbé ẹsẹ̀ kan lé etí ọkọ̀, ẹ̀gbẹ́ ọ̀hún á rì díẹ̀, omi á fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé, àwọn tó ti jókòó á sì fi ara sí òdìkejì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pàṣẹ. “Ẹ rọra o, ọkọ̀ ń fì!” ni ọlọ́kọ̀ á wí. Nínú àdúrà, ohun tí ojú kò tíì rí náà máa ń fì: wọ́n á ní kí aburú tó ń fì dùgbẹ̀dùgbẹ̀ lókè má já lé àwọn lórí. Ẹ̀rù tó wà nínú gbólóhùn yẹn kò sí nínú swing, èyí tó sábà máa ń mú eré àti ìgbádùn dání.

Ohun ìṣeré ọmọdé ni ìtumọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀. Ní apá Nàìjíríà, jangirófà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè é. Èyí tí wọ́n ń ṣe nílé kò gbà ju okùn méjì, ẹ̀ka máńgòrò tó lágbára àti pátákó tàbí táyà àlòkù. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe á kọ́kọ́ fi àkísà wé ẹ̀ka níbi tí okùn máa gbà, nítorí ibẹ̀ ni okùn ti ń gé. Ọmọ tó bá gun orí rẹ̀ kò nílò ẹni tó máa tì í títí: á na ẹsẹ̀ síwájú bó bá ń lọ, á ká a sẹ́yìn bó bá ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ga sí i.

Gígùn okùn ló ń pinnu bí àlọ àti àbọ̀ kan ṣe máa pẹ́ tó. Bí nǹkan kékeré tó wúwo bá rọ̀ sórí okùn mítà 1, àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ máa gba bí ìṣẹ́jú àáyá 2. Bí okùn bá gùn tó mítà 4, yóò gba bí 4. Ìyẹn ni pé kí àkókò tó di ìlọ́po méjì, okùn ní láti di ìlọ́po mẹ́rin. Ìwọ̀n ohun tó rọ̀ kò yí i padà. Bí ọmọ ọdún mẹ́fà ṣe ń lọ tó ń bọ̀ lórí okùn kan, bẹ́ẹ̀ náà ni bàbá rẹ̀ máa ṣe é, bí ẹ̀ka kò bá kán. Ní ọdún 1851, Léon Foucault, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Faransé, so irin tó tó kílógíráàmù 28 rọ̀ sórí wáyà mítà 67 nínú Panthéon ní Paris. Bó ṣe ń fì, ojú ọ̀nà tó ń tọ̀ ń yí díẹ̀díẹ̀ lójú àwọn tó wá wò ó, ìyẹn ló sì fi hàn wọ́n pé ilẹ̀ ayé tí wọ́n dúró lé gan-an ló ń yí.

Nínú orin, swing ní ìtumọ̀ méjì tí kò yẹ kí á dà pọ̀. Èkíní ni irú orin jáàsì tí àwọn ẹgbẹ́ ńlá ń kọ ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1930 sí 1945, bí ẹgbẹ́ Duke Ellington, Count Basie, Chick Webb àti Benny Goodman. Gbọ̀ngàn ijó Savoy, tí wọ́n ṣí ní Harlem ní ọdún 1926, ni ilé Lindy Hop, ìyẹn ijó tí wọ́n ń jó sí orin swing, ibẹ̀ sì ni àwọn èèyàn dúdú àti funfun ti ń jó pọ̀ nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé ijó mìíràn ṣì ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Ní Paris, Django Reinhardt onígìtá àti Stéphane Grappelli onífaolíìnì dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní ọdún 1934, okùn títa nìkan ni wọ́n fi ń ṣe é, kò sí ìlù níbẹ̀.

Èkejì ni bí wọ́n ṣe ń pín àkókò nínú orin. Bí wọ́n bá pín ìró kan sí méjì, apá àkọ́kọ́ á gùn ju èkejì lọ. Bí orin kò bá yá jù, ti àkọ́kọ́ lè gba ìdá méjì nínú mẹ́ta, kí èkejì gba ìdá kan. Bí orin bá ti ń yára sí i, àwọn méjèèjì á máa súnmọ́ra. Nọ́ńbà yìí kò tó láti fi kọ́ ẹnikẹ́ni. Etí ló ń gbọ́ ọ, ẹsẹ̀ sì máa ń mọ̀ ọ́n kí ẹnu tó lè ṣàlàyé rẹ̀.

Ẹni tó bá ń fi Gẹ̀ẹ́sì ròyìn Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lè lo swing fún ìdí oníjó. Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí àwọn ìtàn sábà máa ń so orísun rẹ̀ mọ́ ilẹ̀ Kétu, ni wọ́n fi ń bu ọlá fún àwọn ìyá. UNESCO kéde rẹ̀ ní ọdún 2001, ó sì wọ inú ìwé àkójọ ogún àjogúnbá ní 2008 fún Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Ọkùnrin ló wà nínú aṣọ náà bí ère orí tilẹ̀ jẹ́ ti obìnrin. Wọ́n á fi aṣọ mú ọmú àti ìdí rẹ̀ tóbi, wọ́n á so irin mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, oníjó á sì máa tẹ ilẹ̀ bí ìyá ìlù bá ṣe wí. Bí ìlù bá gé, ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ gé pẹ̀lú rẹ̀. Aṣọ ìdí nìkan ló ṣì máa lọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Jùdí ni Yorùbá ń pe ti ìdí yìí. Fífì kò bá a mu, nítorí oníjó mọ̀ọ́mọ̀ ń jù ú ni.

Nínú kríkẹ́ẹ̀tì, eré tí kò fi bẹ́ẹ̀ rẹ́ni ṣe é ní Bẹ̀nẹ̀, swing ni kí bọ́ọ̀lù yà nínú afẹ́fẹ́ kó tó kanlẹ̀. Bọ́ọ̀lù aláwọ ni, ó wọn gíráàmù 156 sí 163, ojú rírán sì yí i ká láàárín. Àwọn eléré á máa fi ẹ̀gbẹ́ kan nu ṣòkòtò kó lè máa dán, wọ́n á fi èkejì sílẹ̀ kó bó. Afẹ́fẹ́ tètè ń já kúrò lára ẹ̀gbẹ́ tó ń dán, ó sì ń pẹ́ lára èyí tó ti bó, nítorí náà bọ́ọ̀lù á yà sí apá tó ti bó. Àwọn ará Pakistan, Sarfraz Nawaz ṣáájú wọn ní àwọn ọdún 1970, ló sọ òdìkejì rẹ̀ di iṣẹ́ ọwọ́: bọ́ọ̀lù tó ti gbó, tí wọ́n jù pẹ̀lú eré, á yà sí apá tó ń dán.

Nínú ìbò Amẹ́ríkà, swing state ni ìpínlẹ̀ tó lè fì sí ẹgbẹ́ méjèèjì. Pennsylvania, Michigan àti Wisconsin lọ sí ọ̀dọ̀ Trump ní 2016, sí ọ̀dọ̀ Biden ní 2020, wọ́n sì padà sí ọ̀dọ̀ Trump ní 2024. Irú rẹ̀ kò lè sí ní Bẹ̀nẹ̀, nítorí àpapọ̀ ìbò gbogbo orílẹ̀-èdè ni wọ́n fi ń yan ààrẹ níbẹ̀, kì í ṣe ti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan bíi ti Amẹ́ríkà. Orílẹ̀-èdè náà lódindi ló máa ń fì: Soglo borí Kérékou ní 1991, Kérékou borí Soglo ní 1996.

Àwọn mìíràn kan jẹ́ orúkọ ni. Captain Swing ni wọ́n fi sábẹ́ lẹ́tà ìhàlẹ̀ tí wọ́n kọ sí àwọn olóko ní England ní ọdún 1830, nígbà tí àwọn alágbàṣe ń fọ́ ẹ̀rọ ìpakà tó gba iṣẹ́ ìgbà òtútù lọ́wọ́ wọn. Kò sí ọ̀gágun kankan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n yẹgi fún èèyàn 19. Nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, Swing ni àkójọ bọ́tìnnì àti fèrèsé ojú ẹ̀rọ tó wà nínú Java, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, láti ọdún 1998.

Gbólóhùn náà in full swing kò ní nǹkan tó ń fì nínú mọ́. Bí ẹnì kan ní Kétu bá pẹ́ dé òru Èfẹ̀, ìyẹn òru orin Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tó bá a tí akọrin ti gbẹ́nu lé orin, tí ojú agbo sì ti kún, wọ́n á sọ fún un pé ó ti ń lọ ní pẹrẹu.