Kọnkéré kì í gbẹ, omi ló ń mu

Bí wọ́n bá ti da dẹ́kìn tán, ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń jáde lẹ́nu gbogbo ènìyàn: "Ẹ jẹ́ kí oòrùn pa á dáadáa, kó lè gbẹ." Bí òjò bá wá ṣú ní ọjọ́ kejì, onílé á bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà kó má rọ̀. Òjò wákàtí àkọ́kọ́ ló yẹ kéèyàn bẹ̀rù, torí ó lè fọ sìmẹ́ǹtì kúrò lójú kọnkéré tí kò tíì dì, ìyẹn la ṣe ń fi tapólì bò ó. Ti ọjọ́ kejì, oore ni. Iṣẹ́ tó yẹ kí onílé sanwó fún ni òjò yẹn ń bá a ṣe lọ́fẹ̀ẹ́.

Èrò pé kọnkéré ń gbẹ kò ṣàdédé wá. Ọ̀dọ̀ àwọn baba wa ló ti wá, ó sì tọ̀nà nínú iṣẹ́ tiwọn. Ilé amọ̀ ni wọ́n ń kọ́. Wọ́n á po amọ̀, wọ́n á fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí á fi fà, wọ́n á mọ ìpele kan, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ kó gbẹ kí wọ́n tó mọ òmíràn lé e. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n máa ń mú ṣe é, torí gbígbẹ gan-an ni agbára amọ̀. Omi inú rẹ̀ á lọ, ara rẹ̀ á súnkì, á le. Ṣùgbọ́n ẹ rọ omi sára ògiri amọ̀ tó ti dúró lọ́dún mẹ́wàá, kí omi náà pẹ́ lára rẹ̀, á padà di ẹrẹ̀. Kọnkéré kì í padà. Ẹ bu díẹ̀ nínú èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pò sínú ọ̀rá, ẹ so ẹnu ọ̀rá náà pa, kí ẹ rì í sínú garawa omi. Oòrùn kò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, atẹ́gùn kò ní fẹ́ sí i, síbẹ̀ bí ẹ bá gbé e jáde lọ́sẹ̀ kejì, òkúta ni ẹ máa bá níbẹ̀.

Abọ́ ẹ̀bà ló yẹ kéèyàn fi wé e. Bí a bá da gàárì sínú omi gbígbóná, omi náà kò gbẹ, gàárì ló gbé e mì. Ó wú, ó fà mọ́ra, ó di nǹkan mìíràn, kò sì sí oòrùn tó lè sọ ẹ̀bà di gàárì mọ́. Ẹni tó mọ ẹ̀bà í tẹ̀ á fi ọmọrí bo abọ́ fún ìgbà díẹ̀ kó tó fi ọmọrogùn kàn án, kí ooru má baà sá lọ kí inú gàárì tó jinná. Ẹni tí omi rẹ̀ kò tó, tí kò sì bo abọ́, ẹ̀bà oníkókó ló máa jẹ: ìta rẹ̀ dán, inú rẹ̀ gàárì gbígbẹ. Ẹni tó da omi púpọ̀ jù sí i, ẹ̀bà rẹ̀ kò ní dúró lọ́wọ́. Gbogbo ìwọ̀nyí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú kọnkéré. Ìyàtọ̀ wọn ni pé ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó fún ẹ̀bà láti jinná, ọjọ́ 28 sì ni wọ́n ń kà fún kọnkéré.

Nínú ọjọ́ wọ̀nyẹn, ẹyọ sìmẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan ń mu omi, ó ń hu nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun tí ojú kò lè rí. Àwọn irun yìí ló ń lọ́ mọ́ra wọn, tí wọ́n sì ń di yanrìn àti òkúta mú. Iṣẹ́ náà ń mú ooru jáde. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ Hoover Dam, ìsédò ńlá kan ní Amẹ́ríkà, ní àwọn ọdún 1930, kọnkéré rẹ̀ pọ̀ débi pé wọ́n ní láti ri páìpù sínú rẹ̀, kí wọ́n máa gba omi tútù kọjá nínú wọn láti lé ooru náà jáde. Bó bá ń rí omi mu dáadáa, kọnkéré á ti ní nǹkan bí ìdá méjì nínú ìdá mẹ́ta agbára rẹ̀ lọ́jọ́ keje, ìyókù á sì máa wá díẹ̀díẹ̀. Bí oòrùn bá ti fa omi náà tán lọ́jọ́ kẹta, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ náà máa dúró sí. Ọyẹ́ tiẹ̀ burú ju oòrùn lọ, torí atẹ́gùn rẹ̀ gbẹ, ó sì ń fa omi tọ̀sán tòru.

Nọ́ńbà 42.5 tí wọ́n ń kọ sára àpò sìmẹ́ǹtì, tí onílé ń torí rẹ̀ sanwó, inú omi ló ti jáde. Wọ́n á fi sìmẹ́ǹtì náà mọ nǹkan kéékèèké, wọ́n á rì í sómi títí ọjọ́ 28 á fi pé, kí wọ́n tó fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ láti mọ bó ṣe le tó. Sìmẹ́ǹtì kan náà tí wọ́n bá sá sóòrùn kò lè rí agbára yẹn mú jáde.

Omi yìí kan náà ló tún ń ba kọnkéré jẹ́, bó bá jẹ́ ìgbà pípò ni wọ́n dà á jù. Duff Abrams, tó ṣèwádìí kọnkéré ní Chicago, ti sọ ọ́ ní 1918 pé bí omi ṣe pọ̀ sí sìmẹ́ǹtì ló ń sọ bí kọnkéré ṣe máa le tó. Àpò sìmẹ́ǹtì jẹ́ kílò 50, kẹ́ẹ̀gì omi lítà 25 kan ṣoṣo sì ni òdiwọ̀n tó dára fún un, títí kan omi tó ti wà nínú yanrìn tútù. Ṣùgbọ́n kọnkéré tó ki ṣòroó fi ṣọ́bìrì yí, torí náà àwọn ọmọṣẹ́ á tún bu omi sí i kó lè máa ṣàn. Omi tí sìmẹ́ǹtì kò rí mu yẹn á jókòó sáàárín rẹ̀, bó bá lọ tán, ihò ló máa fi sílẹ̀. Kí kọnkéré tó dì, kí ọwọ́ le sí omi. Bó bá ti dì tán, kí ọwọ́ là. Ètò tó jinlẹ̀ ni, ó sì rọrùn bí wọ́n bá ti ṣàlàyé rẹ̀ fúnni lẹ́ẹ̀kan.

Ibi tí ètò náà ti wọ́ ni pé kò sẹ́ni tí wọ́n gbé omi wíwọ́n lé lọ́wọ́. Owó bíríkìlà ń pé lọ́jọ́ tí wọ́n da dẹ́kìn, lọ́jọ́ kejì ó ti wà níbòmíràn. Onílé ń gbé ní ìlú mìíràn. Ẹni tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù tà nílò àyè ilẹ̀ rẹ̀, á wọ́n omi lẹ́ẹ̀kan, á sì kó wọn sọ́kọ̀ lọ́jọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta. Ẹ fi ìṣó ha irú búlọ́ọ̀kù bẹ́ẹ̀, ẹ ó rí bí yanrìn ṣe ń dà sílẹ̀ lára rẹ̀. Nítorí náà, kí wọ́n tó da nǹkan kan, kí onílé ti bá ẹnì kan dúnàádúrà owó omi wíwọ́n lọ́tọ̀, ìbáà ṣe máígádì tàbí ọmọ àdúgbò, kó sì jẹ́ ọjọ́ 7 ó kéré tán. Ọjọ́ 14 ló dáa jù. Omi tó ṣeé mu ni kí wọ́n lò, torí iyọ̀ inú omi kànga etí òkun ń jẹ irin tó wà nínú kọnkéré.

Dẹ́kìn kò nira. Wọ́n lè fi yanrìn tàbí amọ̀ ṣe ìdènà yí etí rẹ̀ ká láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí wọ́n da omi kún un bí adágún. Òpó ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé. Ó nàró, omi kì í dúró lára rẹ̀, òun ló sì ru ilé. Bí wọ́n bá ti tú pákó kúrò lára rẹ̀, kí wọ́n wé àpò ìdọ̀họ mọ́ ọn láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí wọ́n fi okùn dì í, kí ẹni tí wọ́n gbà náà máa rọ omi sí àpò yẹn láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́.