Máìlì

Máìlì, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń kọ ní mile, jẹ́ òṣùwọ̀n ọ̀nà jíjìn. Inú èdè Látìn ló ti wá: mille ni ẹgbẹ̀rún, mille passus sì ni ẹgbẹ̀rún ìṣísẹ̀. Ìṣísẹ̀ àwọn ará Róòmù kì í ṣe ẹyọ kan bíi tiwa. Bí ẹsẹ̀ ọ̀tún bá kúrò nílẹ̀, títí yóò fi tún tẹ ilẹ̀ ni passus kan, ó sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 5 tiwọn. Máìlì Róòmù fi ń lọ sí nǹkan bíi mítà 1,480.

Ti Gẹ̀ẹ́sì gùn jù bẹ́ẹ̀. Furlong ni wọ́n fi ń wọn ilẹ̀ oko, wọn kò fẹ́ yí i padà. Ní 1593 òfin Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní sọ máìlì di furlong 8, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 5,280. Láti 1959 ó ti dúró sí mítà 1,609.344. Máìlì orí omi, tí àwọn ọkọ̀ òkun tó ń wọ Àpápá ń lò, jẹ́ mítà 1,852.

Ọmọ ìyá kan náà ni million àti millennium. Ibùsọ̀ ni Yorùbá ń pe máìlì, ibi tí arìnrìn-àjò ti ń sọ ẹrù kalẹ̀: Róòmù ka ìṣísẹ̀, àwa ka ìsinmi.

Ní Èkó, ó ti di orúkọ àdúgbò: Mile 2 ní Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin, Mile 12 tó ní ọjà oúnjẹ. Kí ẹnikẹ́ni má fi wọ́n díwọ̀n ọ̀nà; ojú irin láti Marina dé Mile 2 tó kìlómítà 13, máìlì 8 nìyẹn.

Ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni máìlì ti ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà jù. Máìlì ni dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà ń kà, kìlómítà ni ti Kánádà. Ẹni tó bá rí 90,000 lórí ti Amẹ́ríkà, tó pè é ní kìlómítà, ọkọ̀ tó ti rìn nǹkan bíi kìlómítà 145,000 ló ń rà. Kí ó wo lẹ́tà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà ńlá tó ń fi eré hàn: mph ni máìlì, km/h ni kìlómítà. Máìlì kan jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 1.6. Bí mẹkáníìkì bá ní kí a pààrọ̀ ọ́ìlì lẹ́yìn kìlómítà 5,000, máìlì 3,100 ni kí a máa ṣọ́. Ẹni tó bá dúró de 5,000 lórí dáṣíbọ́ọ̀dù máìlì ti rin kìlómítà 8,000, ọ́ìlì tó ti gbó sì ti ń jẹ ẹ́ńjìnnì rẹ̀.