Òbí ẹrù-fúyẹ́: iṣẹ́ tí BaseObject ń ṣe nínú Yii

Mo tún rí "béèsì kíláàsì laitiwéètì" lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, tí wọ́n fi túmọ̀ "lightweight base class", inú sì bí mi gidigidi. Irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ (àwòṣe tí a fi ń dá nǹkan nínú kóòdù) ni BaseObject tí àwọn kíláàsì mìíràn ń jogún nínú Yii, àkójọ irinṣẹ́ tí a fi ń kọ wẹ́ẹ̀bù ní èdè kọ̀ǹpútà PHP. Àmì ohùn tí a tò lé orí èdè Gẹ̀ẹ́sì kò sọ ọ́ di Yorùbá. Ẹni tí kò mọ nǹkan náà tẹ́lẹ̀ kò ní rí ohunkóhun dì mú níbẹ̀.

Àwọn tó gbìyànjú jù bẹ́ẹ̀ lọ ń pè é ní "kíláàsì ìpìlẹ̀ fífúyẹ́". Ìpìlẹ̀ wo ló fúyẹ́ tí ilé orí rẹ̀ kò ní wó? Ilé kì í sì í jogún ìpìlẹ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ gbogbo àwa tí a ń kọ PHP la máa ń sọ pé kíláàsì yìí jogún tọ̀hún. Ọ̀dọ̀ òbí la ti ń jogún, òbí ni mo sì ń pè é. Àwọn kan á ní òbí lè ní òbí tirẹ̀, pé ti òkè pátápátá nìkan ló yẹ kó ní orúkọ ọ̀tọ̀. Kò sí iṣẹ́ tí ìyàtọ̀ yẹn ń ṣe fún ẹni tó jókòó ti kóòdù rẹ̀.

Ó wá ku "fúyẹ́". Bí o bá pe òbí ní ẹni fúyẹ́ lásán, o ti bú u: ẹni tí kò níyì là ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹrù ló gbọ́dọ̀ fúyẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi dúró lórí "òbí ẹrù-fúyẹ́", n kò sì ní gba "kíláàsì kékeré" tí wọ́n fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀, torí gígùn kóòdù kọ́ là ń wọ̀n. Ohun tí ọmọ máa rù nítorí pé ó jogún la ń wọ̀n: mẹ́mórì àti àkókò kọ̀ǹpútà.

Nínú Yii àkọ́kọ́, kíláàsì òbí tó ń jẹ́ CComponent ló ru gbogbo rẹ̀ pọ̀: property (ìwífún tí nǹkan náà ní), event (ìṣẹ̀lẹ̀ tí kóòdù mìíràn lè dáhùn sí) àti behavior (iṣẹ́ àfikún tí a lè so mọ́ ọn). Kíláàsì tó bá jogún rẹ̀ gbọ́dọ̀ rù ú tán, ì báà lò ó, ì báà má lò ó. Ó dà bí kí a ní kí ọmọ tó ń kiri ẹ̀pà gbé tábìlì, bẹ́ǹṣì àti agboòrùn ìsọ̀ ìyá rẹ̀ lérí pẹ̀lú atẹ ẹ̀pà, nígbà tó jẹ́ pé atẹ nìkan ló fẹ́ fi tajà. Fojú inú wo ẹgbẹ̀rún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nínú ìbéèrè kan ṣoṣo tí sáfà ń dáhùn.

Yii 2, tó jáde ní 2014, pín ẹrù náà. Atẹ ni ti BaseObject: property tó ń gba ọwọ́ getter (iṣẹ́ tó ń kà á) àti setter (iṣẹ́ tó ń kọ nǹkan sí i), àti array (àkójọ) ètò tí constructor, iṣẹ́ tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá dá nǹkan náà, ń gbà. Component jogún BaseObject, ó wá fi event àti behavior kún un. (Object ni wọ́n ń pe BaseObject tẹ́lẹ̀, PHP 7.2 fi òfin de orúkọ yẹn ní 2017, ni wọ́n bá yí i padà.)

Kọ getPrice sínú ọmọ BaseObject, wàá lè kà á báyìí: $oja->price. Bí kò bá sí setPrice, kíkà nìkan ló ṣeé ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ kọ nǹkan sí i, àṣìṣe tó ń jẹ́ InvalidCallException ni yóò bá pàdé. Constructor máa ń pín ohun tó wà nínú array náà sí àyè wọn ná, kó tó pe init(), iṣẹ́ tó ń parí ìmúrasílẹ̀ nǹkan náà. Bí o bá wá kọ constructor tìrẹ, jẹ́ kí $config (array ètò yẹn) gbẹ̀yìn nínú ohun tó ń gbà, kí o sì pe ti òbí ní ìparí. Bí o kò bá pè é, init() kò ní ṣiṣẹ́ rárá.