Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣe àwọn ará Akita

Tí ẹ bá wo bí jẹjẹrẹ àpòlúkù ṣe ń jà káàkiri Jàpáànì, ẹ óò rí i pé etíkun ìwọ̀-oòrùn lápá àríwá ló ti le jù: Akita, Yamagata, Niigata. Ní Okinawa, àwọn erékùṣù tó wà ní gúúsù pátápátá, ibẹ̀ ló ti kéré jù. Ó ti pẹ́ tó ti rí bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi gbà pé ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn ni. Bàbá kú sí i, kí ọmọ máa retí tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí, torí ẹni tó bá gbà á gbọ́ kò ní lọ ṣe àyẹ̀wò.

Àwọn ará Jàpáànì tó kó lọ sí Hawaii ló kọ́kọ́ já irọ́ yìí. Àwọn tó ti dàgbà kí wọ́n tó kúrò nílé ṣì ń ní àrùn náà dáadáa. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sọ́hùn-ún ńkọ́? Tiwọn lọ sílẹ̀ gan-an. Ẹ̀jẹ̀ kò yí padà. Ibi tí wọ́n ti lo ìgbà èwe wọn ló yí padà.

Kòkòrò àìfojúrí kan tó ń jẹ́ Helicobacter pylori ló wà nídìí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àrùn yìí. Barry Marshall àti Robin Warren ló tú àṣírí rẹ̀ ní Ọsirélíà lọ́dún 1982, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2005. Láti kékeré ló ti ń wọlé síni lára, á jókòó síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, á máa jẹ awọ inú àpòlúkù díẹ̀díẹ̀. Ọ̀dọ̀ òbí, pàápàá ìyá, ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń kó o. Ẹ ò rí nǹkan! Ohun tó ń ràn láàárín ilé kan náà ni ojú ń rí bí àjogúnbá. Òótọ́ ni pé àwọn ẹbí kan wà tí wọ́n ń jogún jẹjẹrẹ yìí lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn ò ju bíi 1 sí 3 nínú 100 àwọn tó ní in lọ.

Kòkòrò náà wà ní Okinawa pẹ̀lú, àmọ́ irú tó pọ̀ lára wọn kò le tó ti àwọn tó kù. Ọ̀rọ̀ iyọ̀ sì tún wà ńlẹ̀. Ní Akita, yìnyín máa ń tètè dé, oòrùn kì í tó láti fi sá ẹ̀fọ́ gbẹ. Wọ́n á so daikon, gbòǹgbò funfun gígùn kan, mọ́ àjà lókè ààrò, èéfín á máa rú bò ó títí á fi pọ́n, kí wọ́n tó rì í sínú iyọ̀ àti eérí ìrẹsì. Iburigakko ni wọ́n ń pè é. Òun, ẹja oníyọ̀ àti ọbẹ̀ miso, ìyẹn ọbẹ̀ ẹ̀wà sóyà oníyọ̀, ni wọ́n fi ń la ìgbà òtútù já. Iyọ̀ tó pọ̀ báyìí máa ń bó awọ inú àpòlúkù, kòkòrò á wá ráyè ṣọṣẹ́. Okinawa móoru, iyọ̀ oúnjẹ wọn kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí fìríìjì dé ilé, tí omi sì mọ́, àrùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù ní gbogbo Jàpáànì. Láti ọdún 2013, ètò ìlera ìjọba ń bá ẹni tí kòkòrò yìí ti dá awọ inú rẹ̀ lóró san lára owó oògùn tó ń pa kòkòrò náà. Ẹni tó bá ti lò ó tán ṣì gbọ́dọ̀ máa jẹ́ kí dókítà fi kámẹ́rà wo inú rẹ̀, torí ọgbẹ́ tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kì í bá kòkòrò lọ.