Bí Míṣọ̀n Etí Odò Ṣe Di Wujal Wujal

Ní àríwá Queensland, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, ìlú kékeré kan wà létí odò Bloomfield, níbi tí igbó kìjikìji ti sún mọ́ òkun. Wujal Wujal ni wọ́n ń pè é. Àwọn ará ibẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 300, ẹ̀yà Kuku Yalanji, àwọn onílẹ̀ ibẹ̀, ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ìlú ni kò tíì pẹ́. Àwọn onílẹ̀ ti wà níbẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

Kí òyìnbó tó dé, ìgbà ló ń darí wọn. Ọ̀nà márùn-ún ni wọ́n pín ọdún sí: Kambar ni ìgbà òjò ńlá, Jarramali ni ìgbà àrá àti ìjì tó máa ń ṣáájú rẹ̀. Igbó ló ń bọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ májèlé wà nínú ọ̀pọ̀ èso rẹ̀. Wọ́n á gé èso náà wẹ́wẹ́, wọ́n á kó o sínú agbọ̀n, wọ́n á fi í sínú odò tó ń ṣàn fún ọjọ́ mélòó kan kó tó ṣeé jẹ. Ẹni tó bá ti rẹ ẹ̀gẹ́ rí kó tó fi ṣe fùfú á mọ̀ pé irú ìmọ̀ yìí kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan.

Ní 1873, wọ́n rí góòlù lódò Palmer, Cooktown sì di ìlú. Awakùsà àti agégẹdú ya wọ ilẹ̀ wọn, ẹ̀jẹ̀ sì ta sílẹ̀. Ní 1886 ni wọ́n dá míṣọ̀n sílẹ̀ létí Bloomfield. Ìjọ Lutheran ló wá ń bójú tó o, àmọ́ ní 1902 wọ́n tì í. Àwọn kan ń gbé nínú àgọ́ létí odò. Ìjọba kó àwọn mìíràn lọ síbi jíjìn bíi Palm Island, kúrò lọ́dọ̀ ẹbí, kúrò lórí ilẹ̀ bàbá wọn. Ó ṣòro fún mi láti tètè kọjá lórí ìyẹn.

Ìjọ Lutheran padà dé ní 1957. Míṣọ̀n tí wọ́n tún kọ́ yìí ló di ìlú òní. Ní 1979 ni orúkọ rẹ̀ yí padà sí Wujal Wujal, tó túmọ̀ sí ọ̀pọ̀ ibi tí omi ti ń já wálẹ̀ láti orí àpáta. Àwọn obìnrin ló ni ọ̀kan nínú wọn, ibi ọ̀wọ̀ ni.

Ní oṣù kẹsàn-án 2021, ìjọba dá ilẹ̀ tó lé ní 160,000 hẹ́kítà padà fún Kuku Yalanji ìlà-oòrùn, igbó Daintree wà lára rẹ̀. Ní oṣù kejìlá 2023, òjò ìjì Jasper mú kí odò kún bo ìlú. Hẹlikọ́pítà ni wọ́n fi kó gbogbo ará ìlú jáde. Ọ̀pọ̀ oṣù ni wọ́n lò nílé onílé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í padà sílé ní 2024.