Òkúta tí òjò wú jáde lóko: ẹdùn àrá ni, àbí orí ọfà?

Ìdílé àgbẹ̀ kan ní Òkè-Ògùn fi àwòrán òkúta mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi. Ìgbà tí wọ́n ń kọ ebè lẹ́yìn òjò ńlá kan ni wọ́n rí wọn. Ọ̀kan dúdú mọ́ àwọ̀ ewé, ó gùn tó àtẹ́lẹwọ́, ó ń dán, ẹnu rẹ̀ sì fẹ̀ ju ìdí rẹ̀ lọ. Méjì tó kù funfun, wọn ò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ìyàwó ilé rò pé ọmọ ọlọ ni èyí tó dúdú. Bàbá àgbà ní ẹdùn àrá ni gbogbo wọn. Ọmọ ilé tó wà ní yunifásítì ní orí ọfà ayé àtijọ́ ni. Inú mi dùn sí àríyànjiyàn wọn, nítorí pé òótọ́ wà lẹ́nu bàbá àti ọmọ.

Ìbéèrè: Ṣé orí ọfà ni èyí tó dúdú yẹn?

Rárá o. Ó ti tóbi jù, ọfà ò lè gbé e fò. Àáké ni. Kí irin tó dé, òkúta báyìí ni wọ́n fi ń gé igi, òun ni wọ́n sì fi ń la igbó. Wọ́n á wá òkúta tó le, tí kì í tètè fọ́, wọ́n á fi òkúta mìíràn ṣá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títí yóò fi gba ìrísí àáké. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá fi omi àti yanrìn lọ̀ ọ́ lórí àpáta títí ẹnu rẹ̀ yóò fi mú. Iṣẹ́ sùúrù gbáà ni.

Ẹ tún àwòrán kejì tí ẹ fi ránṣẹ́ wò. Nítòsí ìdí òkúta náà, ẹ óò rí àwọn kòtò pẹ́pẹ̀pẹ́ tí kò dán. Ojú ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣá a nìyẹn, wọn ò lọ̀ ọ́ débẹ̀ tán. Ẹnu rẹ̀ ti ké díẹ̀ lápá kan. Bí ojú ibi tó ké bá ṣì mọ́, tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ara òkúta, ọkọ́ yín ló ha á. Ṣùgbọ́n àwọ̀ kan náà ni mo rí níbẹ̀, nítorí náà ó ti pẹ́ tó ti ké. Ọmọ ọlọ tí ìyàwó ilé fọkàn sí kọ́, ọmọ ọlọ kì í lẹ́nu tó mú.

Ìbéèrè: Bàbá àgbà ní àrá ló sọ ọ́ sílẹ̀. Ṣé ká sọ fún wọn pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀?

Ẹ má ko bàbá lójú. Ohun tí wọ́n sọ nídìí. Nígbà tí irin dé, àáké òkúta kúrò lọ́wọ́ àwọn èèyàn, ilẹ̀ sì bò ó. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kọjá, kò sẹ́ni tó rántí mọ́ pé èèyàn ló ṣe é. Òjò líle tó ní àrá nínú ló máa ń fọ ilẹ̀ lọ, tí í mú un yọ síta. Ẹni tó bá rí òkúta dídán tó jọ àáké láàárọ̀ ọjọ́ kejì irú òjò bẹ́ẹ̀, Ṣàngó olóṣé ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Àwọn Mọgbà, ìyẹn àwọn àwòrò Ṣàngó, ló máa ń wá hú u níbi tí àrá bá ti jà, ojúbọ ni wọ́n sì ń gbé e sí, nínú ọpọ́n lórí odó Ṣàngó.

Kì í ṣe Yorùbá nìkan ló gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Yúróòpù náà máa ń fi í sílé kí àrá má bàa jà níbẹ̀. Ní 1723, Antoine de Jussieu dìde níwájú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Faransé, ó fi òkúta àrá tiwọn wé àáké òkúta tí àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà ń lò, ó sì ṣàlàyé pé iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn ni. Ní Brazil, àáké òkúta tí àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ fi sílẹ̀ sínú ilẹ̀ ni àwọn ọmọ Ṣàngó tún ń gbé lọ sójúbọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni òkúta àrá ń bẹ nínú ọpọ́n Ṣàngó ní Kúbà.

Àrá náà máa ń fi nǹkan tirẹ̀ sílẹ̀ o. Tó bá sán lu yanrìn, ó lè yọ́ ọ di gíláàsì gbọọrọ tó ní ihò nínú, tí ara rẹ̀ rí ṣákiṣàki. Kò jọ àáké rárá.

Ìbéèrè: Àwọn funfun kéékèèké ńkọ́?

Ibí ni ọ̀rọ̀ ọmọ yín ti wọlé. Ní 1965, awalẹ̀pìtàn Thurstan Shaw àti àwọn èèyàn rẹ̀ walẹ̀ ní Ihò Eléérú, nítòsí Àkúrẹ́. Wọ́n bá egungun èèyàn kan tó ti tó nǹkan bí 11,000 ọdún níbẹ̀, irú òkúta kéékèèké yìí, tí wọ́n ń pè ní quartz, sì pọ̀ lọ súà. Apá òkè ilẹ̀ náà, tí kò pẹ́ tó ìsàlẹ̀, ni ìkòkò àti àáké lílọ̀ ti wá hàn. Àwọn awalẹ̀pìtàn gbà pé oje igi ni wọ́n fi ń lẹ irú òkúta bẹ́ẹ̀ mọ́ igi ọfà.

Nínú méjì tiyín, ọ̀kan dá mi lójú. Ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ, wọ́n sì ti ṣá ẹ̀yìn náà ní wínníwínní, láti apá kan náà, kó lè jókòó dáadáa sára igi. Etí kejì gún, ó ṣì mú. Òkúta tó fúnra rẹ̀ fọ́ kì í létò báyẹn. Èkejì kò ní irú àmì bẹ́ẹ̀, èérún ni lójú tèmi. Ẹ yí i sí oòrùn. Bí ibì kan bá wú díẹ̀ lára rẹ̀, tí ìlà sì ń tàn kúrò níbẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn sọ òkò sínú odò, èèyàn ló lù ú bọ́ lára òkúta ńlá. Àmì yìí kì í tètè hàn lára quartz, ẹ fara balẹ̀ wò ó.

Ìbéèrè: Ọdún mélòó ni wọ́n ti wà?

Èédú tàbí egungun tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n, torí pé carbon kan wà nínú ohun tó ti wà láàyè rí, tó ń dín kù bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Òkúta ò ní in. Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé ibi tí ẹ ti rí òkúta ṣe pàtàkì ju òkúta fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ má sì rò pé ẹgbẹ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nítorí pé inú oko kan náà ni wọ́n ti jáde. Ọkọ́ ti da ilẹ̀ yẹn rú, àáké yẹn sì lè fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún kéré sí àwọn funfun.

Ìbéèrè: Kí ni ká ṣe báyìí?

Ẹ má fi kàn-ìn-kàn-ìn àti ọṣẹ fọ̀ wọ́n, ẹ má sì pọ́n ẹnu wọn wò. Ẹ fi kálukú sínú ọ̀rá tirẹ̀. Ẹ padà sí ebè yẹn, ẹ fi fóònù gba ojú ibi náà sílẹ̀, ẹ kọ bó ṣe jìn sínú ilẹ̀ tó. Bí àpáàdì tàbí èédú bá wà níbẹ̀, ẹ ya àwòrán rẹ̀, kí ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má walẹ̀ síwájú. Lẹ́yìn náà, ẹ kó wọn lọ sí mùsíọ́ọ̀mù ìjọba tó bá sún mọ́ yín, tàbí kí ẹ kàn sí ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ ìmọ̀ ìwalẹ̀pìtàn ní Yunifásítì Ìbàdàn.

Ìbéèrè: Ẹnì kan ní òun fẹ́ rà á ńkọ́?

Ẹ má tà á. Òfin tó dá National Commission for Museums and Monuments, àjọ ìjọba tó ń mójú tó mùsíọ́ọ̀mù àti ohun àtijọ́, sílẹ̀ ní 1979 kò gba ẹni tí àjọ náà ò fún láṣẹ láyè láti máa ra ohun àtijọ́, ẹ̀ṣẹ̀ sì ni kéèyàn gbé e jáde nílùú láìgbàwé.

Ìbéèrè: Bàbá ní méjì mìíràn lójúbọ. Ṣé ká gbà á lọ́wọ́ wọn?

Rárá. Ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ bi wọ́n pé ta ló rí i, oko wo ni, ìgbà wo ni, ta ló sì gbé e wọlé. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Bí wọ́n bá gbà, ẹ ya àwòrán rẹ̀ lórí ìjókòó rẹ̀ níbẹ̀.